Ṣé Sandra Pa Ọkọ Rẹ̀? Ìdáhùn Lórí Fíìmù Anatomie d'une chute

Abilékọ kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi jọ wo fíìmù Faransé kan, Anatomie d'une chute, èyí tó gba ẹ̀bùn ńlá ní àjọ̀dún fíìmù Cannes. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ wa kò tíì wọ̀. Ọkọ mi ní Sandra ló pa ọkọ rẹ̀, pé àìrí ẹ̀rí ló jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀, àti pé bó bá jẹ́ kóòtù tiwa ni, ẹ̀wọ̀n ni ì bá lọ. Èmi ní kò pa á, ṣebí ilé ẹjọ́ ti dá a láre. Ohun tó wá ń bí àwa méjèèjì nínú ni pé a jókòó ti fíìmù náà fún wákàtí méjì ààbọ̀, ó sì parí láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣé àwọn tó ṣe é fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ síbì kan tí a kò rí ni, àbí ó ti sú wọn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù yìí, tó sì fẹ́ wò ó, kó dá ìwé yìí dúró ná, nítorí gbogbo rẹ̀ ni mo máa sọ títí dé òpin. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín, ẹ ń bínú pé wọ́n gbé ẹjọ́ síwájú yín, wọ́n mú yín jókòó tì í, wọ́n wá ní kí ẹ máa lọ sílé láìjẹ́ kí ẹ mọ òtítọ́. Ìbínú yẹn tọ́. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe fíìmù yìí mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ẹ bínú bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Wọn kò rọ kọ́kọ́rọ́ kankan.

Kí n rán wa létí ìtàn náà ní ṣókí. Sandra Voyter jẹ́ òǹkọ̀wé, ọmọ Jámánì. Samuel Maleski, ọkọ rẹ̀, jẹ́ ọmọ Faransé, olùkọ́ tó ń gbìyànjú láti kọ ìwé tirẹ̀ tí kò sì parí. Wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù kó lọ sí ilé onígi kan lórí òkè Alps, nítòsí Grenoble, ní agbègbè tí Samuel ti wá. Daniel ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún 11, ẹni tí ìjàǹbá ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 4. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá fi ọ̀rọ̀ wá Sandra lẹ́nu wò. Samuel wà ní àjà lókè, ó ń tún ilé ṣe, ó sì yí orin sókè débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò lè bá ọ̀rọ̀ wọn lọ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ. Daniel mú Snoop, ajá rẹ̀, wọ́n jáde rìn. Nígbà tó padà, òkú bàbá rẹ̀ ló bá nínú yìnyín níwájú ilé. Àwọn tó yẹ òkú náà wò rí ọgbẹ́ kan ní orí rẹ̀, ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ kí ara tó balẹ̀. Sandra ní oorun lòun ń sùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó dúró níwájú ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó pa ọkọ rẹ̀, wọ́n sì dá a láre níkẹyìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti kọ́kọ́ lọ́ pọ̀ ni ìdáláre yẹn. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ti kéde ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: ẹ̀yin ní wọ́n ti sọ pé kò pa á, bàbá àwọn ọmọ ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Ilé ẹjọ́ kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn rárá. Ohun tí wọ́n bi í ni bóyá ohun tí ìjọba kó wá tó láti fi gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn, èsì rẹ̀ sì ni pé kò tó. Ẹni tó pa ènìyàn lè lọ lófẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ̀rí kò bá tó. Ẹni tí kò pa ènìyàn a lọ lófẹ̀ẹ́ fún ìdí kan náà. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà jáde, kò sì sí àmì kankan lára wọn tí a ó fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ilé ẹjọ́ tí ẹ rí nínú fíìmù náà ni wọ́n ń pè ní cour d'assises, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti ń gbọ́ ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ. Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó níbẹ̀, pẹ̀lú ará ìlú 6 tí wọ́n ṣẹ́ gègé mú láti inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Àwọn 9 yìí jọ ń wọ yàrá ìgbìmọ̀, wọ́n sì ń dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọdún 2022, ó kéré tán 7 nínú wọn gbọ́dọ̀ sọ pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi kí wọ́n tó lè dá a lẹ́bi. Kí wọ́n tó wọlé lọ gbìmọ̀, adájọ́ tó ṣe olórí a ka ọ̀rọ̀ kan sí wọn létí láti inú òfin. Ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn pé òfin kò bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí ohun tó dá wọn lójú gbà dá wọn lójú. Ó ní kí wọ́n bi ara wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ohun tí ẹ̀rí tí wọ́n gbọ́ àti àwíjàre olùjẹ́jọ́ ṣe sí ọkàn àti làákàyè wọn. Níkẹyìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ǹjẹ́ ó dá yín lójú nínú ọkàn yín? Ẹ mú ìbéèrè yẹn dání, nítorí òun ni òpó tí gbogbo fíìmù yìí dúró lé.

Ìgbẹ́jọ́ náà jọ ohun àjèjì sí ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún kóòtù tiwa. Adájọ́ nìkan ló ń dá ẹjọ́ ìpànìyàn, agbẹjọ́rò tọ̀tún-tòsì ló ń bi ẹlẹ́rìí léèrè, adájọ́ a máa gbọ́, a sì máa kọ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, adájọ́ àgbà ló di ìgbẹ́jọ́ mú lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ti ka gbogbo ìwé ìwádìí kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Olùjẹ́jọ́ kì í búra. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n lè ní kí olùjẹ́jọ́ dìde kó fèsì lójú ẹsẹ̀, òun náà ló sì máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn kí ìgbìmọ̀ tó wọlé. Ìwà rẹ̀, ilé rẹ̀, irú ẹni tó jẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí agbẹjọ́rò ìjọba fi lè ka ojú ewé kan láti inú ìtàn àròkọ tí Sandra kọ, tó sì lè tú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó bá a lò pọ̀ síta, láìsí pé ẹnikẹ́ni pa á lẹ́nu mọ́. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ohùn tí Samuel gbà sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ wọlé: nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin Faransé fàyè gba oríṣìíríṣìí ẹ̀rí, ó ku sọ́wọ́ àwọn tó ń dájọ́ láti mọ bí ó ti wúwo tó. Àwọn ará wa ní Benin àti Togo lè má rí èyí bí ohun àràmàǹdà, nítorí ọ̀dọ̀ Faransé ni òfin tiwọn ti ṣẹ̀.

Ẹ sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé n kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ kóòtù tiwa. Òfin wa béèrè pé kí ìjọba fi ẹ̀rí hàn títí kò fi ní sí iyè méjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, wọn kò rí ohun tí wọ́n ní ó fi lù ú. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ kò jẹ́wọ́. Adájọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Grenoble, ibi kan náà ni yóò kan ògiri. Ohun tí mo gbà ni pé ó ṣeé ṣe kí kóòtù tiwa má gbọ́ ìdajì nínú ohun tí ẹ gbọ́ nípa Sandra, ẹ̀yin ì bá sì má mọ̀ ọ́n débi tí ẹ ó fi máa jà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ẹ̀rí náà wò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ ni ká fi ṣáájú. Wọ́n rí ojú ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta lára ahéré tó wà lẹ́bàá ilé. Amòye tí ìjọba mú wá ní ẹ̀jẹ̀ náà kò lè ta débẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá lu Samuel ní orí lórí bákónì, tí wọ́n sì tì í sísàlẹ̀. Amòye tí ẹ̀gbẹ́ Sandra mú wá ní láti fèrèsé àjà ló ti ṣubú, pé orí rẹ̀ gbá òrùlé ahéré náà, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ta. Ọ̀pọ̀ tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fíìmù yìí gbà pé ọ̀kan nínú àwọn amòye méjèèjì ní láti máa parọ́. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀jẹ̀ lè sọ ibi tó gbà wá, kò lè sọ bóyá ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀, àwọn amòye náà sì kọjá ibi tí ìmọ̀ wọn parí sí nítorí pé kóòtù ń fẹ́ ìdáhùn kan gbòógì.

Irọ́ tí Sandra pa ni mo mọ̀ pé ọkọ yín dúró lé, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó ní ibi kan ní ilé ìdáná lòun ti fi apá gbá nǹkan tó fi ṣẹ́jẹ̀. Ó wá hàn pé ìjà òun àti ọkọ rẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú, ló dá àpá náà sí i lára. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹni tó bá gbọ́ irọ́ yẹn yóò béèrè èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó wáyé láàárín òun àti Vincent Renzi, agbẹjọ́rò rẹ̀ tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Sandra ní òun kò pa á. Vincent dá a lóhùn pé ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti yé e pé bí òun bá ṣe rí lójú àwọn ènìyàn ni wọn yóò fi dá òun lẹ́jọ́. Aláìṣẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà a máa parọ́, irọ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀daràn létí ẹni tó ń gbọ́.

Ohùn ìjà yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀rí náà. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹjọ́ yìí ẹnì kan ti kú, kò sí bí a ṣe lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohùn tó gbà sílẹ̀ nìkan ni Samuel fi ń jẹ́rìí. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní òun kò ní àkókò fún ara òun, pé òun lòun ń kọ́ ọmọ nílé, òun lòun ń tún ilé ṣe, pé Sandra mú ohun tó wù ú nínú ìtàn tí òun pa tì, ó sì fi kọ ìwé tirẹ̀. Sandra ní kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, pé fúnra rẹ̀ ló yan ayé tó ń gbé, tó wá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé orí ìjàǹbá ọmọ wọn, níbi tí kò sí ìdáríjì kankan nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Mo ti gbọ́ ìjà náà léraléra nínú iṣẹ́ mi, mo sì ń rí i pé òótọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì. Ahọ́n àti eyín ń jà nínú gbogbo ilé. Sandra fúnra rẹ̀ sọ fún kóòtù pé ohun tí wọ́n gbọ́ yẹn kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó àwọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún bà mí nígbà tó sọ ọ́, nítorí ohun tí apànìyàn náà ì bá sọ nìyẹn.

Ẹ bi mí bóyá ó ti sú àwọn tó ṣe é. Kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa wọn. Justine Triet ló darí fíìmù náà. Ọdún 1978 ni wọ́n bí i ní Fécamp, ní Normandy. Iṣẹ́ ọnà yíyà ló kọ́ ní Beaux-Arts ní Paris kó tó bọ́ sídìí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kóòtù kì í ṣe tuntun sí i: nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2016, Victoria, agbẹjọ́rò obìnrin ni olú ẹ̀dá ìtàn. Ní ọdún 2019, ó bá Sandra Hüller, òṣèré ọmọ Jámánì, ṣiṣẹ́ nínú Sibyl, òun náà ló sì kọ ipa tuntun yìí fún, ó tiẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀dá ìtàn náà. Arthur Harari ló bá a kọ ìtàn yìí. Olùdarí fíìmù ni Harari fúnra rẹ̀, òun àti Triet ló jọ ń gbé, wọ́n sì jọ bí ọmọ. Àsìkò tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ fojú inú wò ó: tọkọtaya tí iṣẹ́ kan náà jọ ń pè, ọmọ nínú ilé, ilẹ̀kùn ní títì, tí wọ́n ń kọ ìjà tọkọtaya òǹkọ̀wé tó ń bára wọn du àkókò. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ìjà náà ti rí agbára rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tí yóò gbà kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ṣe òmùgọ̀ tàbí ìkà.

Nígbà tí Hüller bi Triet bóyá Sandra pa ọkọ rẹ̀, Triet kò sọ fún un. Ó ní kó ṣe é bí ẹni tí kò jẹ̀bi. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ojú Sandra kí ẹ lè rí àṣírí níbẹ̀, ẹ ó kàn rẹ ara yín ni, nítorí ẹni tó ni ojú náà kò mọ àṣírí kankan. Mo ka èyí sí ìwà akin lọ́wọ́ olùdarí. Ó rọrùn láti jẹ́ kí òṣèré mọ̀, kó sì máa ta wá lólobó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe lo àwòrán. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ẹjọ́, kété tí ẹlẹ́rìí bá la ẹnu ni àwòrán yóò gbé wa padà sí ọjọ́ náà, a ó sì fojú ara wa rí i. Níbí, kò sí ibi kankan tí a ti rí Samuel tó ń ṣubú. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ìjà náà ní kóòtù, àwòrán gbé wa lọ sí ilé ìdáná, a rí tọkọtaya náà lójúkojú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di lílu ara ẹni àti fífọ́ gíláàsì, Laurent Sénéchal, ẹni tó to àwòrán náà pọ̀, gé e. A padà sí kóòtù, ohùn nìkan ló kù: nǹkan fọ́, wọ́n gbá nǹkan, ẹnì kan lu ẹnì kan. Ta ló lu ta? Ibi tí ojú wa ì bá ti wúlò jù gẹ́lẹ́ ni wọ́n ti gba ojú lọ́wọ́ wa. Wọ́n fi wá sí ipò Daniel, ọmọ tí kò ríran dáadáa, tí etí rẹ̀ nìkan ló fi mọ ohun tó ń lọ nínú ilé àwọn òbí rẹ̀.

Daniel yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fún un ní àyè nínú àríyànjiyàn yín. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun wà níta nígbà tí òun gbọ́ tí àwọn òbí òun ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Nígbà tí wọ́n lọ dán an wò nílé náà, kò ṣeé ṣe kó gbọ́ wọn láti ibẹ̀, ó bá ní òun ṣì í rántí ni. Lẹ́yìn tó ti gbọ́ ohùn ìjà náà ní kóòtù, ó ní òun tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ìyá òun kúrò nílé títí òun yóò fi sọ ọ́. Ó rántí pé Sandra ní Samuel ti gbé oògùn aspirin mì ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, tó sì bì í. Ó rántí pé Snoop náà ṣàìsàn lásìkò yẹn. Ó fún ajá náà ní aspirin láti wò ó bóyá àìsàn kan náà ni yóò ṣe é, díẹ̀ ló sì kù kí ajá kú. Ajá tó ṣe ipa yẹn ń jẹ́ Messi, ó gba ẹ̀bùn Palm Dog tí wọ́n máa ń fún ajá ní Cannes, ó sì tọ́ sí i. N kò mọ òṣèré ènìyàn mélòó tó lè kú tó bẹ́ẹ̀ kó tún jí.

Ọ̀pọ̀ ń pe ìdánwò yẹn ní ẹ̀rí. Ẹ rọra wò ó. Ohun tó fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Àìsàn Snoop ti àtẹ̀yìnwá, ìrántí ọmọ náà nìkan la fi mọ̀ ọ́n. Daniel bi Marge Berger, obìnrin tí ilé ẹjọ́ fi sọ́dọ̀ rẹ̀, pé kí lòun ó ṣe, èsì rẹ̀ sì ni pé nígbà tí ènìyàn kò bá ní ohun tí yóò fi mọ̀, tí ọ̀rọ̀ méjì sì wà níwájú rẹ̀, àfi kó yan ọ̀kan. Ìbéèrè tí adájọ́ ń ka sí ìgbìmọ̀ létí nìyẹn, tí wọ́n gbé lé ọmọ ọdún 11 lọ́wọ́. Ọmọ tó ti sọ bàbá nù, tí ìyá nìkan kù fún. Ó dé kóòtù, ó ní bàbá òun ti sọ fún òun nínú ọkọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Snoop lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, pé ajá náà lè kú lọ́jọ́ kan, kí òun múra sílẹ̀. Daniel ní ó yé òun nísinsìnyí pé ara rẹ̀ ni bàbá òun ń sọ. A rí Samuel nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn Daniel ló ń ti ẹnu náà jáde. Wọn kò ní ká gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní ọmọ náà parọ́. Òfin Faransé kì í jẹ́ kí ọmọ búra nínú ẹjọ́ òbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 búra, nítorí náà kò sí ìbúra kankan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú tèmi, ibí ni fíìmù náà ti ga jù lọ.

Ibi tí mo ti rí àléébù ni agbẹjọ́rò ìjọba. Antoine Reinartz ṣe é dáadáa, n kò bá a wí, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìtàn jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mú jù, kí ìkórìíra rẹ̀ sí Sandra hàn jù. Ó jẹ́ kí ó rọrùn fún wa láti gbè sẹ́yìn obìnrin náà. Bí ọkùnrin yẹn bá jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà, abilékọ, má fi bẹ́ẹ̀ dúró ṣinṣin lórí ohun tí ẹ gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ó kan ìdájọ́ yín. Sandra ń sọ Jámánì, Samuel ń sọ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi ń bára wọn gbé. Ní kóòtù, wọ́n ní kó sọ Faransé. Ó gbìyànjú, ó sọ ọ́ títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú òyìnbó rí, tó ń wá ọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ a máa jọ ẹni tó ń wá irọ́. Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ nínú rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lẹ́yìn fíìmù náà pẹ̀lú. Triet gba Palme d'Or, ẹ̀bùn ńlá ti Cannes yẹn, ní ọjọ́ 27 oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, obìnrin kẹta tó gba á lẹ́yìn Jane Campion àti Julia Ducournau. Lórí pèpéle ibẹ̀ ló ti bá ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ wí lórí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀hónú àwọn ènìyàn lórí owó ìfẹ̀yìntì mọ́lẹ̀, inú mínísítà àṣà kò sì dùn. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ Faransé fi fíìmù mìíràn ránṣẹ́ sí Oscar ní orúkọ ilẹ̀ wọn. Àwọn kan ní nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn kan ní nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ni. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Triet àti Harari gba Oscar fún ìtàn tí wọ́n kọ. Ẹ rí i pé àwọn tí nǹkan sú kọ́ ló ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ ní kí n dá ẹjọ́. Bí mo bá wà lára àwọn 9 yẹn, n kò ní dìbò pé ó jẹ̀bi, ọkàn mi yóò sì balẹ̀ lórí ìbò náà. Bí ẹ bá tún wá bi mí bóyá ó pa á, ọkàn mi tẹ̀ sí i pé kò pa á, nítorí ìtàn tí ìjọba rò béèrè pé kó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, ohun ìjà tó pòórá, àti ìyá tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ọmọ tó ti ìrìn kékeré dé. Ṣùgbọ́n ìtàn kejì náà sinmi lé ẹnu obìnrin tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè, àti ẹnu ọmọ tó nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ti yan tiyín, ọkọ yín ti yan tiwọn, ó sì tọ́ kí ẹ sọ fún ara yín pé yíyàn lẹ yàn.

Bí ẹ bá tún máa wò ó, ẹ dánwò báyìí: kí ẹ̀yin wá gbogbo ohun tó lè fi hàn pé ó jẹ̀bi, kí ọkọ yín wá èyí tó lè fi hàn pé kò jẹ̀bi. Ẹ fetí sí ohùn ju bí ẹ ṣe ń wo àwòrán lọ. Ẹ wo bí Daniel ṣe dúró nígbà tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, àti ohun tí òun àti ìyá rẹ̀ sọ fún ara wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, pé ẹ̀rù ìpadàbọ̀ náà ń ba àwọn méjèèjì.

Ó sì ku ohun kan tí yóò dùn mọ́ bàbá àwọn ọmọ. Láti ọdún 2002, òfin Faransé ti fún ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdáláre ní cour d'assises, ọjọ́ 10 ni wọ́n sì ní láti pè é. Ní ilé ẹjọ́ kejì yẹn, ará ìlú 9 ló ń jókòó pẹ̀lú adájọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹjọ́ náà ni wọ́n sì máa ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù náà parí kí ọjọ́ 10 yẹn tó pé.